Ọmọ Irin Mẹ́sàn-án

Ilé Ọ̀gbẹ́ni Oyètúndé Abupá,
Ojú Ọ̀nà Rélùwéè,
Ọ̀fà.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, ọdún 1926.

Susannah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Wá ibi kan jókòó kí o tó ka gbólóhùn tó kàn. Mo ti lọ́kọ! Ó pé ọ̀sẹ̀ méje lónìí. Mo mọ̀ pé o máa pariwo, mo sì mọ̀ pé bí ariwo bá tán, ìbínú ló kù, torí pé àwa méjèèjì la jọ ṣèlérí nílé-ìwé l'Ékòó pé ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ́kọ nínú wa kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kó tó kọ̀wé sí èkejì. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà mọ́kàndínláàádọ́ta, n kò sì kọ nǹkan kan. Mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n má tíì ya lẹ́tà yìí. Ó nídìí tí mo fi dákẹ́, ìdí náà ló sì ń mú kí n máa sáré kọ̀wé báyìí, tí íńkì fi ń ta sí etí ìwé.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyá wa ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó máa ń dùn wọ́n nígbà òjò ti ń gbọ́ oògùn? Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti yé fi ṣọ́ọ̀kì ju ara wọn? Ẹ̀gbọ́n wa Adétóyè ńkọ́? Mo ní ọ̀rọ̀ pàtàkì fún wọn nísàlẹ̀, nítorí náà má fo ìlà kankan. Ní tèmi, ara mi le koko, inú mi sì dùn débi pé bí mo bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀, orin ni mo fi ń gbá a. Ìyá ọkọ mi ní láti ọjọ́ tí àwọn ti dáyé, àwọn kò tíì rí ìyàwó tó ń bá ìgbálẹ̀ jó.

Oyètúndé lorúkọ ọkọ mi. Abupá ni, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Òun ló ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìjàgbó, Òjòkú, Ẹ̀rìn-Ilé àti àwọn abúlé tó wà láàárín wọn láti bupá fún àwọn ọmọdé, kí ìgbóná má baà mú wọn. Ó ga, ó dúdú, ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ náà á rí i. Àwọn ará ilé máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní, láàárín èmi àti kẹ̀kẹ́, ta ni ìyálé? Mo ní kẹ̀kẹ́ ni ìyálé, òun ni mo bá nílé, mo sì ń tọ́jú ìyálé mi dáadáa. Láràárọ̀, kí ọkọ mi tó jẹun, mo ti fi àkísà àti epo òyìnbó nu gbogbo ara kẹ̀kẹ́. Mo mọ irin rẹ̀ bí ẹni mọ eyín ẹnu ara rẹ̀. Tó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, láti ojú irin ni mo ti ń gbọ́ bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń dún kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́, màá sì ti gbé omi ìwẹ̀ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì lẹ́yìn ìgbéyàwó, ó gbé mi síwájú kẹ̀kẹ́ náà, ó wà mí lọ kí àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ìjàgbó. Susannah, atẹ́gùn ń fẹ́ gèlè mi, àwọn ọmọ ń sáré tẹ̀lé wa, àwọn àgbà obìnrin ń pàtẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, èmi ń kígbe, ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín. Ayọ̀ yẹn kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi di ẹ̀sùn sí mi lọ́rùn.

Lọ́jọ́ kejì, ìṣó gún táyà ẹ̀yìn. Ọkọ mi gbé kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ Fáṣakin, ẹnì kan ṣoṣo tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò wa. Ọmọ Bàbá Fágbàmílà alágbẹ̀dẹ ni Fáṣakin yìí, ẹ̀gbẹ́ àgbẹ̀dẹ bàbá rẹ̀ gan-an ló pa àtíbàbà tirẹ̀ sí. O mọ bí àgbẹ̀dẹ ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá gbé ọkọ́ tàbí àdá débẹ̀, á kàn jù ú sílẹ̀ ni, á bá tirẹ̀ lọ. Ó lè lo oṣù kan níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án, torí ta ni yóò jalè níwájú Ògún? Bí o bá sì padà wá gbé e, tí o wá ń yẹ̀ ẹ́ wò lójú alágbẹ̀dẹ bóyá wọ́n yọ nǹkan kan lára rẹ̀, o ti bú u nìyẹn. Bí àwọn oníkẹ̀kẹ́ Ọ̀fà ṣe gbé ìwà yìí kúrò lórí ọkọ́, tí wọ́n gbé e lé kẹ̀kẹ́ lórí nìyí. Wọ́n á gbé kẹ̀kẹ́ fún Fáṣakin láàárọ̀, wọ́n á gbà á nírọ̀lẹ́, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á gùn ún lọ. Kò sẹ́ni tó ń wo inú rẹ̀. Ọkọ́ kò kúkú ní inú. Kẹ̀kẹ́ ló ní inú.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbọ́ pé ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀, mo sì rí i pé táyà ẹ̀yìn ń mì díẹ̀ bó ṣe ń yí. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gírísì sí i ni. Ìyàwó ọ̀sẹ̀ méjì ni mí, kí ni mo mọ̀ nípa gírísì?

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ohun tí mo ń wí fi ṣẹlẹ̀. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lójú ọ̀nà Òjòkú, táyà ẹ̀yìn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó há, kẹ̀kẹ́ sì da ọkọ mi sórí òkúta. Apá rẹ̀ bó, orúnkún rẹ̀ wú bí orí ọmọ tuntun, gbogbo ìgò oògùn inú àpótí rẹ̀ fọ́ yángá. Àwọn ìyá tí wọ́n ti kó ọmọ wọn jọ sábẹ́ igi ní Òjòkú dúró títí di ìrọ̀lẹ́, wọn kò rí abupá. Nígbà tí òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ gbọ́, ó ní bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀.

Ìyẹn nìkan ì bá tó láti bínú. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí Fáṣakin sọ. Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ padà lọ bá a, èrò sì pọ̀ níbẹ̀. Ó wo táyà, ó mi orí bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ó ní: "Ẹ̀yin ará, kẹ̀kẹ́ ẹnì kan ni òyìnbó ṣe. Abupá wá gbé ìyàwó lé e. Ẹ lọ wo ìyàwó náà dáadáa, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá irin lè rù ú!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Kí n tó ti odò dé, ọ̀rọ̀ ti dé ilé. Ìyàwó tó fọ́ kẹ̀kẹ́! Àwọn ọmọdé ti fi ṣe orin. Mo kọjá lọ́jà, obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí ní, "Ìyàwó abupá, rọra máa tẹlẹ̀ o, ilẹ̀ yìí kì í ṣe irin." Susannah, èmi! Èmi tí ìwọ máa ń bẹ̀ pé kí n jẹun kí afẹ́fẹ́ má baà gbé mi lọ!

Ti ìyá ọkọ mi ló dùn mí jù. Wọn kò bú mi. Wọ́n kàn pè mí jẹ́jẹ́, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ìdùnnú dára, ṣùgbọ́n orí kẹ̀kẹ́ yẹn ni oúnjẹ ilé yìí wà. Ẹ má gùn ún ní méjì mọ́." Mo kúnlẹ̀, mo ní mo ti gbọ́, ẹ jọ̀wọ́ mà. Mo wọ yàrá, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, iṣẹ́ ìyàwó kò jẹ́ kí n ráyè; lẹ́yìn rẹ̀, òun ni n kò fi kọ̀wé. Báwo ni màá ṣe sọ fún ọ pé mo ti lọ́kọ, nígbà tí àwọn èrò rélùwéè lè ti sọ fún ọ ní Òṣogbo pé ìyàwó tuntun kan l'Ọ̀fà ti ba iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ jẹ́? Mo fẹ́ kí orúkọ mi mọ́ kí n tó kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé.

Ẹkún náà tán, ó ku ìbínú. Mo sọ fún ọkọ mi pé kí ó wá sípánà, kí ó tú táyà náà nínú ilé wa, lójú ìyá rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀.

Ó ní, "Bọ́láńlé, ẹni tó bá tú iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wò ti pè é lólè."

Mo ní, "Ẹni tó bá sì pe ìyàwó rẹ ní àpáta ńkọ́, kí ló pe ìwọ ọkọ rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tiro lọ yá sípánà lọ́wọ́ Lukman. Aṣọ ni Lukman ń tà, kẹ̀kẹ́ ló fi ń ná ọjà káàkiri, ṣùgbọ́n Ìlọrin, lọ́dọ̀ àna rẹ̀ kan, ló ti máa ń tún tirẹ̀ ṣe. Fáṣakin kò fọwọ́ kàn án rí. Nígbà tó gbọ́ ohun tí a fẹ́ ṣe, òun náà gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé ọkọ mi wá sílé wa.

A tẹ́ ẹní sílẹ̀ lójúde. Wọ́n tú ìdodo táyà ẹ̀yìn, ìyẹn àárín gbùngbùn rẹ̀ níbi tí gbogbo sípóòkù ti pàdé. Inú ibẹ̀ ni àwọn ọmọ irin kéékèèké wà, wọ́n rí róbótó, wọn kò tó ọmọ ayò, àwọn ló sì ń jẹ́ kí táyà yí geere. Mo ń fi àkísà nu gírísì kúrò. Gírísì ń bọ̀, gírísì ń bọ̀, bí ẹni ń bu ẹ̀kọ nínú ìkòkò. Lápá ọ̀tún, ọmọ irin márùn-ún ló jáde. Lápá òsì, mẹ́rin. Lukman wò wá. Ó da kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ dé, ó tú u. Mẹ́sàn-án lọ́tùn-ún, mẹ́sàn-án lósì, wọ́n tò pẹ́kípẹ́kí bí eyín ọ̀dọ́.

Ìyá ọkọ mi kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, má bínú." Ìyá ọkọ ló ń bẹ̀ mí o! Mo yára dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, n kò tilẹ̀ mọ ohun tí mò ń ṣe mọ́.

Àṣé bí ó ṣe ń ṣe é nìyẹn. Yóò kó ìdajì ọmọ irin tó dára nínú kẹ̀kẹ́ rẹ, yóò fi gírísì dí àyè rẹ̀ kí ó má baà dún, yóò sì fi èyí tó kó tún kẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ṣe, yóò ní tuntun tó ti Èkó dé ni. Bí o bá ṣubú, ó di ẹ̀bi ìwọ tàbí ẹ̀bi ìyàwó rẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a lọ. A kò lọ sọ́dọ̀ Fáṣakin, ọ̀dọ̀ Bàbá Fágbàmílà la gbà lọ tààrà, nítorí orúkọ wọn ni gbogbo ayé fi ń gbé kẹ̀kẹ́ fún ọmọ wọn. Ọkọ mi àti Lukman ló ṣíwájú, ìyá ọkọ mi tẹ̀lé wọn, èmi wà lẹ́yìn ìyá, mo di àwọn ọmọ irin mẹ́sàn-án tó ṣẹ́kù sí etí aṣọ. Bàbá wà nídìí iná, wọ́n ń fẹ́ ẹwìrì. Fáṣakin gbọ́ ohùn wa, ó jáde láti àtíbàbà rẹ̀. Ọkọ mi fi sùúrù ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

Fáṣakin rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ló máa ń ka egungun ẹja kó tó jẹ ẹ́? Ẹ bi ìyàwó yín, bóyá òun ló gbé mẹ́sàn-án tó sọnù mì."

Lukman ní, "Tó bá jẹ́ òun ló gbé e mì, gírísì tí o fi rọ́pò rẹ̀ ńkọ́, ṣé ọbẹ̀ ni?"

Àwọn tó dúró bú sẹ́rìn-ín. Ara mi kò gbà á mọ́. Mo mọ̀ pé ìyàwó tuntun kì í dá sí ọ̀rọ̀ ọkùnrin, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti gbé mi síwájú. Mo kúnlẹ̀ fún Bàbá, mo tú etí aṣọ mi, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ forí jì mí. Bí mo bá wúwo, ìta kẹ̀kẹ́ ni mo jókòó sí. Ta ló wọ inú rẹ̀?"

Bàbá dá ẹwìrì dúró. Wọ́n dìde, wọ́n wọ àtíbàbà ọmọ wọn, a ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ti nǹkan kiri. Nígbà tí wọ́n jáde, agolo bísíkíìtì ńlá kan ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dà á sílẹ̀ níwájú owú tí wọ́n fi ń lu irin. Ọmọ irin! Ó tú jáde ṣàà bí òjò yìnyín. Kì í ṣe mẹ́sàn-án, kì í ṣe àádọ́rùn-ún. Ojú mi kò lè kà á.

Wọ́n ní, "Fáṣakin, ta ló ni ìwọ̀nyí?"

Ó ń fi ọwọ́ nu gírísì sára ṣòkòtò rẹ̀.

Wọ́n ní, "Láti ìgbà bàbá mi, irin sùn níbí, irin jí níbí, ọ̀kan kò sọnù rí. Kò sẹ́ni tó ka irin rẹ̀ lójú mi rí. Òní ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìwọ lo kọ́ wọn ní kíkà."

Susannah, ohùn wọn kò ga rárá. Wọ́n gba sípánà lọ́wọ́ ọmọ wọn, wọ́n já màrìwò, wọ́n fi dí ẹnu àtíbàbà náà.

O rò pé ó parí síbẹ̀? Kí oòrùn tó yí sápá kejì, àwọn àgbà mẹ́ta ti dé ilé wa. Wọ́n ní kí a pa á mọ́ra, kí a gba mẹ́sàn-án wa, kí a má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde, pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíràn. Ọkọ mi, oníwà pẹ̀lẹ́, ti fẹ́ máa sọ pé kò burú. Mo ní, "Mẹ́sàn-án wo? Èwo ni tiwa nínú òkìtì yẹn? Àwọn tó ń gun ìdajì táyà sọ̀kalẹ̀ òkè lónìí, ta ni yóò sọ fún wọn?" Fáṣakin tó tẹ̀lé wọn wá ní òun kò mọ̀ pé yóò dun ìyàwó tó bẹ́ẹ̀, pé àwàdà lòun fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe. Àwàdà! Ṣé àwàdà ni orúnkún ọkọ mi? Ṣé àwàdà ni àwọn ọmọ Òjòkú tí a kò tíì bupá fún? Ìyá ọkọ mi ló bá mi gbà á sọ. Wọ́n dìde lórí àpótí, wọ́n ní, "Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bú aya ọmọ mi, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò ti gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò nílẹ̀." Mo fẹ́ràn obìnrin yìí, Susannah. Mo fẹ́ràn wọn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Bàbá Fágbàmílà gbọ́, wọ́n sì gbà pẹ̀lú ìyá ọkọ mi. Ohun tí wọ́n wá pa láṣẹ nìyí. Gbogbo kẹ̀kẹ́ tó ti gba ọwọ́ ọmọ wọn kọjá láti ọdún mẹ́ta ni kí wọ́n gbé wá sí àgbẹ̀dẹ lọ́jọ́ kan náà. Fáṣakin fúnra rẹ̀ ni yóò tú wọn, ní gbangba, olúkúlùkù yóò ka tirẹ̀ sókè ketekete, inú agolo yẹn ni a ó sì ti bu èyí tó bá dín. Bí agolo bá gbẹ, Bàbá yóò ránṣẹ́ ra ìyókù láti Èkó. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, àní àwa náà. Ìdí nìyẹn tí kẹ̀kẹ́ ọkọ mi ṣì fi dùbúlẹ̀, tí Lukman fi ń yá a ní tirẹ̀ lọ́jọ́ tí kò bá ná ọjà. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá gbé irin débẹ̀ yóò kà á wọlé, yóò kà á jáde, kò sì ní jẹ́ èébú mọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tú kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́, Fáṣakin yóò dúró síbi tó dúró sí nígbà tó bú mi, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fọ́ kẹ̀kẹ́ abupá. Ó ti gbà. Mo fẹ́ kí o wà níbẹ̀ kí etí rẹ gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Adétóyè ló kù, òun gan-an ni kò jẹ́ kí lẹ́tà yìí lè dúró mọ́. Nígbà tí wọ́n ń ṣe akọ̀wé ní sítéṣọ̀n wa níbí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ fún Fáṣakin. Ìwọ lo kọ ọ́ sí mi nígbà náà pé wọ́n ń yìn ín, pé ó mọ gírísì í fi sí kẹ̀kẹ́. Gírísì o, Susannah! Jọ̀wọ́, bí o bá ti ka ibí yìí tán, sáré lọ bá wọn. Kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ náà, kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u ní Òṣogbo, torí Bàbá Fágbàmílà ní kí gbogbo rẹ̀ di títú lójú gbogbo wa. Kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ náà sínú ọkọ̀ ojú irin, kí ẹ̀yin méjèèjì sì jọ bá a wá. Bí wọ́n bá mọ akọ̀wé mìíràn tó ti gbé Ọ̀fà rí, tó sì ní kẹ̀kẹ́, kí wọ́n sọ fún un. Ilé wa ni ẹ ó sùn. Mo ti ń tọ́jú iṣu tuntun tí ọkọ mi gbà ní Òjòkú sílẹ̀ dè yín. Bí o bá sì fẹ́ bá mi jà nítorí ọ̀sẹ̀ méje yẹn, ọ̀nà sítéṣọ̀n jìn díẹ̀, a ó jà á dé ilé.

Bá mi kí Ìyá wa, kí wọ́n máa fi omi gbígbóná sí ẹsẹ̀. Kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ, pàápàá èyí tó ń bú ẹkún tí o bá ń ka orúkọ. Ọkọ mi kí ọ púpọ̀. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun kò burú tó bí òun ṣe tiro.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, kí oòrùn tó dé àtàrí, ni gbogbo ẹni tí Fáṣakin bá tún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe rí gbọ́dọ̀ ti wà níwájú àgbẹ̀dẹ Bàbá Fágbàmílà.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́, bí mo tilẹ̀ ti di tẹlòmíràn,

Ọmọ́bọ́láńlé.